Bí Ọdẹ́dínà Ṣe Gbé Aya Rẹ̀ Pọ̀n La Igbó Arìnmábọ̀ Kọjá

Ẹ fà mọ́ra, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tí ó bá ń rẹ́rìn-ín, kí ó sáré rín in tán; ẹni tí ó bá fẹ́ húkọ́, kí ó hú u. Èmi tí ẹ ń wò yìí ti dọdẹ fún ọdún mẹ́tàlélógójì. Ẹkùn ti fi èékánná kọ orúkọ rẹ̀ sí mi léjìká, èmi náà sì ti fi awọ rẹ̀ ṣe àpò. Ṣùgbọ́n n kò ní ròyìn ara mi lónìí, bí ó tilẹ̀ wù mí dé ọ̀fun. Ọ̀rẹ́ mi Ọdẹ́dínà ni n ó ròyìn, òun àti Ọyáníké aya rẹ̀. Akọni tí ó kojú ẹkùn pọ̀ láyé. Akọni tí ó kojú àṣìṣe ara rẹ̀ kò pọ̀.

Abúlé Ìdí-Ọ̀mọ̀ ni tọkọtaya náà ń gbé. Ọdẹ́dínà ga bí ọ̀pẹ, ohùn rẹ̀ sì ń dún ju ìbọn rẹ̀ lọ. Bí ó bá pa ọ̀yà kan lóko, kí ó tó fi dé ilé, ọ̀yà náà á ti di ẹfọ̀n. Ọyáníké kúrú, ó dúdú, ó dá èjí sí eyín òkè, òun nìkan ló sì lè sọ ẹfọ̀n náà di ọ̀yà padà. Á ní, "Baálé mi, ẹfọ̀n yín yìí mà gba inú ìṣaasùn kékeré o." Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, Ọdẹ́dínà á sì rín jù wọ́n lọ. Ọdún kejìdínlógún tí wọ́n ti fẹ́ra wọn ni mo ń sọ yìí, mo sì búra, n kò rí ọjọ́ kan tí ọkùnrin náà jẹun láìkọ́kọ́ béèrè pé, "Ọyáníké ńkọ́?"

Ní ọdún náà, òjò pọ̀, koríko sì kún oko wọn dé orí ebè. Ọdẹ́dínà ra oògùn apakoríko, ó fín in títí koríko fi pọ́n bí èyí tí iná lá. Nígbà tí ó ṣẹ́ kù díẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì, kẹ́ẹ̀gì náà ń jò, ni ó bá da ìyókù sínú ìgò tí ó fi máa ń kó oyin bọ̀ láti igbó. Àwọ̀ oògùn náà kò sì jìnnà sí àwọ̀ oyin. Ó gbé ìgò náà sórí pẹpẹ nínú ahéré, ní ẹ̀gbẹ́ iyọ̀ àti ata. Ó ní òun á sọ fún Ọyáníké. Ó dé ilé, àlejò wà nílẹ̀, ìṣògo bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgò sì fò ó lórí.

Ní ọjọ́ kẹta, Ọyáníké lọ wa ẹ̀gẹ́. Ebi pa á. Ó wọ ahéré, ó rí ìgò oyin, ó gbé e sẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé e mì kí ó tó tu ìyókù sí àyà ara rẹ̀.

Igbe rẹ̀ ni Ọdẹ́dínà gbọ́ láti ìsàlẹ̀ oko. Ó sáré dé, ó bá a níbi tí ó ti ń bì, ètè rẹ̀ ti bó, ìgò sì wà nílẹ̀. Kò béèrè nǹkan kan, nítorí ó mọ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ gbọ́ ohun tí ìtìjú lè mú ènìyàn ṣe: kí ó tó fọwọ́ kan aya rẹ̀, ìgò ló kọ́kọ́ mú, ó sì sọ ọ́ sínú igbó.

Nígbà tí ó gbé e dé ilé, ọwọ́ Ọyáníké ti ń gbọ̀n bí ewé tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ó fẹ́ mú ife, ọwọ́ rẹ̀ kọjá ibi tí ife wà. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ahọ́n rẹ̀ wúwo bí ẹni tí ó ki ọmọrí odó sẹ́nu. A bi Ọdẹ́dínà pé, "Kí ló jẹ?" Ó ní, "N kò mọ̀."

Èmi ni mo júwe ọ̀nà fún un, nítorí kò sí igbó tí n kò mọ ẹnu rẹ̀. Mo ní, "Ọdẹ́dínà, èyí ju ewé tí a ń já ní àgbàlá lọ. Lẹ́yìn Igbó Arìnmábọ̀ ni Ìyá Olówùú wà, ẹni tí ó mọ ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ àti ọwọ́. Gbé aya rẹ lọ. Má ṣe dúró jẹun."

Ó gbé e pọ̀n bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ, ó fi ọ̀já dì í, ó sì mú ọ̀nà pọ̀n.

Ọyáníké fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ìpàkọ́ rẹ̀. Ó ń fà á sọ díẹ̀díẹ̀ pé, "Ẹ̀yìn yín... gbóná." Ọdẹ́dínà ní, "Iná ìfẹ́ ni." Obìnrin náà ní, "Òógùn ni." Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Oòrùn Igbó Arìnmábọ̀ kì í wọ̀. Ojú kan ṣoṣo ló dúró sí, bí ẹyin ojú ìyá tí ń ṣọ́ ọmọ. Ní ẹnu ọ̀nà igbó náà ni oníbodè wà, Ẹlẹ́nu-Méjì ni wọ́n ń pè é. Ó ní ẹnu kan níwájú, ó ní òmíràn ní ìpàkọ́. Tiwájú ń béèrè ọ̀rọ̀, tẹ̀yìn ń rẹ́rìn-ín.

Ẹnu iwájú ní, "Ta ni o gbé pọ̀n?"

Ọdẹ́dínà ní, "Aya mi ni. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á mọ́, ọ̀dọ̀ Ìyá Olówùú ni mò ń lọ."

"Kí ló mu?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Ọdẹ́dínà lọ́kàn. Ó mọ̀ pé aya òun ń gbọ́. Ó ní, "N kò mọ̀. Bóyá oúnjẹ kan ni kò bá a lára mu."

Ẹnu ẹ̀yìn bú sẹ́rìn-ín títí fìlà oníbodè fi bọ́ sílẹ̀. Ẹnu iwájú kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tí oúnjẹ kò bá lára mu, apá òsì ni tirẹ̀."

Ọdẹ́dínà yà sí òsì. Kò rìn jìnnà tí ó fi já sí Ìlú Afepowẹ̀. Epo pupa ni wọ́n fi ń wẹ̀ níbẹ̀, òun ni wọ́n fi ń kun ilé, òun náà ni wọ́n fi ń kí ara wọn: bí ènìyàn méjì bá pàdé, ẹni kìíní á ní, "Epo á pọ̀ o," èkejì á ní, "Á ṣàn." Ènìyàn rere ni gbogbo wọn, ìyẹn gan-an ni ó sì léwu. Ọba wọn sanra, ó ń dán, ó dì mọ́ Ọdẹ́dínà títí ọdẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọba ní, "Orí ń fọ́ ni, ejò ló bu ni jẹ, ọmọ kò gbọ́ràn, kí là ń lò?"

Gbogbo ìlú ní, "Epo!"

Wọ́n gbé agbè epo jáde. Ní àkókò yìí, iyè Ọyáníké ti ń fò ṣánlẹ̀. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ṣàngótóyè, ìgbà wo lẹ dé?" Ṣàngótóyè ni orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ti kú láti ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀rù ba Ọdẹ́dínà ju èyí tí ẹkùn lè dá bà á lọ. Ó ní, "Èmi ni, Ọyáníké. Ọdẹ́dínà ni." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín sí i bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àlejò. Lójijì ojú rẹ̀ yí sókè, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbandi, gìrì gbé e, ó sì ń gbá ara mọ́lẹ̀.

Àwọn ará Afepowẹ̀ sáré dé pẹ̀lú àánú. Ọ̀kan ń wá ṣíbí tí yóò fi la eyín rẹ̀, òmíràn ti tẹ agbè sí ètè rẹ̀. Epo kán sí ọ̀nà èémí rẹ̀. Ó fún un lọ́rùn, ojú rẹ̀ sì ń ṣú. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rẹ́ mi yẹn bú ramúramù! Ó fi ìgbátí gbá agbè dànù, ó ti ọba sínú àmù epo ara rẹ̀, ó yí aya rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ohun tí ó wà ní ẹnu rẹ̀ lè ṣàn jáde. Nígbà tí gìrì náà fi í sílẹ̀ tí ó sì mí, ó gbé e pọ̀n, ó sá. Àwọn ará ìlú ń lé e bọ̀, wọ́n ń ké pé, "Ó kù díẹ̀! Epo náà kò tíì pọ̀ tó!" Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé yín dáadáa, bóyá agbè irú rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ó sá títí ó tún fi dé ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́nu-Méjì. Ó sọ Ọyáníké kalẹ̀ jẹ́ẹ́, ó gbé orí rẹ̀ lé itan. Obìnrin náà ti lajú, iyè rẹ̀ sì ti bọ̀ díẹ̀. Oníbodè tún béèrè bí ẹni tí kò rí i rí. Ó ní, "Kí ló mu?"

Òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní ń forí gbọgbẹ́. Ọdẹ́dínà kò wo oníbodè. Ojú aya rẹ̀ ló ń wò nígbà tí ó sọ ọ́.

"Oògùn apakoríko ni. Èmi ni mo dà á sínú ìgò oyin. Èmi ni mo gbé e sórí pẹpẹ. Mo ní n ó sọ fún ọ, Ọyáníké, mo gbàgbé. Nígbà tí mo rí ọ, mo sọ ìgò náà nù kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀."

Ọyáníké gbé orí kúrò ní itan rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ni?"

"Èmi ni."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ló máa ń pè é. "Ìwọ" yẹn wọ̀ ọ́ lára ju ọta ìbọn lọ.

Ẹnu ẹ̀yìn oníbodè kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ó húkọ́, ó húkọ́, ni ìgò oyin bá yọ jáde láti ibẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ kò sì fọ́. Ẹnu iwájú ní, "Ohun tí irọ́ bá sọ nù, òtítọ́ ní í pọ̀ ọ́ padà. Mú un dání. Ẹni tí ó gbé aláìsàn dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn láìmú ohun tí ó mu lọ́wọ́, afọ́jú ló ní kí ó bá òun ṣọdẹ. Apá ọ̀tún ni tìrẹ."

Ọdẹ́dínà bẹ̀rẹ̀ kí Ọyáníké lè gun ẹ̀yìn rẹ̀. Obìnrin náà gùn ún, ó fi ọwọ́ gbígbọ̀n rẹ̀ dì mọ́ ọn lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ìpàkọ́ rẹ̀ mọ́. Gbogbo ọ̀nà tí ó kù, ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn kò sí ni Ọdẹ́dínà ń rù, ó sì wúwo ju obìnrin náà lọ.

Apá ọ̀tún já sí Pápá Àìhù. Ilẹ̀ ibẹ̀ funfun bí eérú. Bí Ọdẹ́dínà ti tẹ̀ ẹ́, koríko òkú dìde yí i ká: ẹ̀kan dé bí ọmọ ogun pẹ̀lú ọ̀kọ̀, imí-eṣú dé pẹ̀lú orí funfun bí àgbàlagbà, tètè ẹlẹ́gùn-ún dé ti òun ti ẹ̀gún. Ẹ̀kan ló sọ̀rọ̀.

"Ọdẹ́dínà, adáná-má-rúèéfín! Dáhùn kí o tó kọjá. Ta ni ó pa ọ̀tá lóko tán, tí ó wá gbé ohun ìjà náà wọlé, tí ó fi tẹ́ oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́?"

Ní ọjọ́ mìíràn ọ̀rẹ́ mi ì bá ti fi ìjálá dá wọn lóhùn. Lọ́jọ́ náà, ó ní, "Èmi ni. Ẹ dá mi dúró bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹnìkan nínú yín gbé obìnrin yìí lọ fún mi."

Wọ́n ti ń dì í lẹ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀bọ̀lọ̀ kékeré kan na ọrùn. Ó ní, "Ta ni obìnrin náà?"

Ọyáníké gbé orí sókè. Ahọ́n rẹ̀ ń wọ́ ọ̀rọ̀ bí ẹni ń wọ́ igi. "Èmi ni. Èmi tí mo máa ń já yín... sọ́bẹ̀. Orí nìkan... ni mò ń já. Mo máa ń fi gbòǹgbò sílẹ̀."

Koríko ń sọ ọ́ sí ara wọn létí káàkiri pápá: "Ó ń fi gbòǹgbò sílẹ̀. Ó ń fi gbòǹgbò sílẹ̀." Ẹni tí ó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Wọ́n là sí méjì, ọ̀nà sì hàn gbangba títí dé ilé Ìyá Olówùú, níbi tí oòrùn ti tún ń yọ tí ó sì ń wọ̀.

Ìyá náà ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Arúgbó tín-ín-rín ni, irun rẹ̀ gùn, ó sì funfun bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ran, ó ń yí igi, ó ń yí òpó, ó gba inú ilé kọjá. Kò kí wọn. Ó ní, "Kí ló mu?" Ọdẹ́dínà sì gbé ìgò lé e lọ́wọ́.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló gbé mì?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, Ìyá."

"Ìgbà wo?"

"Oòrùn wà ní àtàrí nílé wa. Láti ìgbà tí mo ti wọ igbó yín, n kò mọ̀ mọ́."

"O fi ìka ki ọ̀fun rẹ̀ kí ó lè bì?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n wọ́n kán epo sí i lẹ́nu ní Afepowẹ̀, ó fún un lọ́rùn."

"Ọpẹ́ ni pé kò ju kíkán lọ. Ohun tí ó jó ọ̀fun nígbà tí ó ń lọ, tí a bá tún fipá mú un bọ̀, á jó o lẹ́ẹ̀kejì; epo sì máa ń ṣìnà bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró." Ó gbé imú sún mọ́ ọrùn Ọyáníké. "O gbé e wá pẹ̀lú aṣọ tí ó tu ú sí? Bọ́ tìrẹ náà."

Ọdẹ́dínà bọ́ ẹ̀wù. Gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ́n, kò sì tíì mọ̀. Ìyá fi ọṣẹ àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ omi wẹ àwọn méjèèjì lórí dé ẹsẹ̀, ó sì wa ilẹ̀ bo aṣọ wọn. Ó tẹ́ Ọyáníké sórí ibùsùn ní ẹ̀gbẹ́. Ó fa okùn irun kan tí ó ní ihò nínú, ó ki ṣóńṣó rẹ̀ bọ inú iṣan ọwọ́ rẹ̀, omi tí ó mọ́ gaara sì ń kán wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kín-ún, kín-ún. Nígbà tí gìrì tún fẹ́ dìde, ó fi oògùn díẹ̀ kún omi náà, ara obìnrin náà sì rọ̀ bí aṣọ tí a tú kúrò lókùn. Ó ń wo èémí rẹ̀, ó ń wo ìtọ̀ rẹ̀, kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọdẹ́dínà ní, "Ìyá, ẹ̀rọ̀ rẹ̀ dà? Bí ó bá wà lẹ́nu ẹkùn, n ó lọ mú un wá."

Ìyá Olówùú rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Jókòó, alágbára. Èyí kò ní ẹ̀rọ̀ tí ó lè pè é jáde. Ara aya rẹ ni yóò lé e. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbé ara náà ró títí yóò fi lé e tán." Ó fi ìka fa ìlà láti orí Ọyáníké lọ sí èjìká, dé ṣóńṣó ìka rẹ̀. "Òwú kan gba ibí kọjá, òun ni ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ọwọ́. Májèlé ti ba òwú náà jẹ́ níbì kan àti níbòmíràn. Díẹ̀ yóò hù padà. Gbogbo rẹ̀ lè má hù. Ìwọ ni o máa bá a tún ọ̀nà ìránṣẹ́ náà ṣe: ojoojúmọ́ ni kí o máa ká ìka rẹ̀ kó, kí o máa nà án, ìka kan lẹ́yìn òmíràn, kí o gbé ẹsẹ̀ rẹ̀, kí o sọ ọ́. Ọdẹ tí ó lè ba sí ìdí igi fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí ẹfọ̀n, ṣé ó lè jókòó fún oṣù mẹ́rin nítorí ìka kan?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti ba de ẹfọ̀n. Mo ti ba de erin. Mo jẹ́wọ́ níwájú yín pé n kò ba de ìka rí. Ọ̀rẹ́ mi jókòó. Ó ń ká ìka, ó ń nà án. Ó ń fi ṣíbí fún un ní ògì nígbà tí ọ̀fun rẹ̀ san, ó ń nu èyí tí ó bá ṣàn. Ó ń pe ara rẹ̀ fún un láràárọ̀: "Ọdẹ́dínà ni mo ń jẹ́. Ọkọ rẹ ni mí."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, Ọyáníké lajú, ojú rẹ̀ mọ́. Ó wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́. Ìwọ lo da májèlé sínú ìgò oyin."

Ọdẹ́dínà sunkún, kò sì mọ̀ bóyá ayọ̀ ni tàbí ẹ̀bi. Ìyá Olówùú pàtẹ́wọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ó ti dáa! Kí ènìyàn bínú, kí ó sì mọ ẹni tí òun ń bínú sí, ọpọlọ tí ó pé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Ọyáníké bínú dáadáa. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, ó ń na ọwọ́ rẹ̀ jáde láti abẹ́ aṣọ ìbora, Ọdẹ́dínà á sì gbà á, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, ìka àtàǹpàkò rẹ̀ ká fúnra rẹ̀, ó di ìka ọkọ rẹ̀ mú. Ẹ̀rù ba Ọdẹ́dínà, ó fẹ́ yọ ọwọ́.

Ọyáníké ní, "Inú ṣì ń bí mi o. Ṣùgbọ́n ìka tí ó wà lọ́wọ́ yín yẹn, ẹ má fi í sílẹ̀."

Ọkùnrin náà gbọ́ "yín". Ó di ìka náà mú títí ọ̀sán.

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ní oṣù kìíní, Ọyáníké jókòó. Ní ìkejì, ó dúró, ó ṣubú, ó bú ilẹ̀. Ní ìkẹta, ó rìn dé ìdí àmù, ó sì rìn padà. Nígbà tí oṣù mẹ́rin pé, ó ti ń sọ̀rọ̀ tààrà, ó ń mú ọ̀pá rìn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nìkan ni kò dákẹ́. Ó ń gbọ̀n títí di òní. Ìyá Olówùú yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ibi tí òwú hù dé nìyí. Ẹ máa lọ sílé." Koríko Pápá Àìhù tẹ́ ọ̀nà fún wọn, oníbodè sì fi ẹnu méjèèjì kí wọn pé ó dìgbà.

Nígbà tí wọ́n dé Ìdí-Ọ̀mọ̀, Ọdẹ́dínà kò jẹ́ kí n bá òun sọ ìtàn náà. Ó ń lọ láti ahéré dé ahéré, ó ń dúró níwájú àgbà àti ọ̀dọ́, ó ń sọ pé, "Èmi ni mo fi aya mi sínú ewu. Ẹ fi oògùn sílẹ̀ nínú ohun tí wọ́n fi tà á. Ẹ má gbé e sún mọ́ oúnjẹ. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹ gbé aláìsàn, ẹ gbé ìgò, ẹ sáré." Ohùn rẹ̀ tí ó máa ń ju ìbọn lọ rọlẹ̀ bí ó bá ń sọ ọ́, gbogbo ènìyàn sì ń gbọ́.

Ní ọjọ́ tí a ń sọmọ lórúkọ ní ilé aládùúgbò wa kan, Ọyáníké jáde láàárín àwọn obìnrin. Gèlè orí rẹ̀ wọ́ sí apá kan, ó rí bí ẹni di ẹrù igi, etí gèlè kan ń rọ̀ sí i lójú, èkejì dìde bí ìwo àgbò. Àwọn obìnrin ń fi ẹ̀rín pamọ́. Ọ̀kan nínú wọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ na ọwọ́, ó ní, "Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí n bá yín tún un wé."

Ọyáníké fi ọwọ́ gbígbọ̀n rẹ̀ di gèlè náà mú.

Ó ní, "Ẹ má tú u. Ọkọ mi ló wé e."